Ìka Àárín, Íǹṣì Mẹ́ta

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Mo wà láàyè, ilé búrẹ́dì náà ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Abala ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, torí bí lẹ́tà bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, sítáǹbù méjì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ fara da ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ mi.

Ìka mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láti oṣù kẹwàá ni ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti wú láti ìdí dé orí. Láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo máa fi ń nà án, tí mo máa fi ń ká a, kó tó lè di ife mú. Dókítà wo èékánná mi, ó rí ihò tíntìntín lórí wọn. Ó ka mọ́kànlá lórí èékánná kan. Ó ní àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní soriásísì ló ti wọ oríkèé lọ. Ó bi mí pé, “Ta ló ní irú rẹ̀ nínú ẹbí yín?” Mo ní kò sí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí òrùka irin tí ẹ fi ń ti abẹ́rẹ́, bí ihò wẹ́wẹ́ ṣe yí i ká, àti bí mo ṣe máa ń sọ nígbà tí mo wà ní kékeré pé òrùka yẹn àti èékánná yín, ìyá kan ló bí wọn. Mo rántí aṣọ alápá gígùn tí ẹ ń wọ̀ nínú ooru. Mo padà wọlé, mo ní, “Dókítà, ìyá mi ni.”

Ó tún rí nǹkan funfun lẹ́nu mi, ó rí ibi tó pọ́n lábẹ́ ọmú mi, tó ń yún mi. Ó ní irú ìwúkàrà kan, bíi yíìsì tí a fi ń mú búrẹ́dì wú, tó ń gbé inú ara ni, pé ó ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ wa sọ pé oúnjẹ ló ń bọ́ àrùn méjèèjì. Èmi náà rò ó, ó jọ òótọ́. Ìwúkàrà ṣáà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ bu ṣíbí ṣúgà méjì sí i, á dìde, á kún abọ́. Ẹ fi ṣúgà dù ú, á sùn lọ fọnfọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yín han ilé ìwòsàn. Kí ẹ sì fi ìwọ̀nyí sílẹ̀: búrẹ́dì, ṣúgà, bisikíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹran pupa, gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ìyẹ̀fun ṣe.

Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan nípa oúnjẹ àti oògùn tí mo fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ìwé ti tán. Ó di ìgbà mìíràn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, inú bí mi. Ìgbà kejì, mo sunkún. Ìgbà kẹta ni mo tó gbọ́ ohun tí o wí.

Ta ló rán ọ pé kí o gbé ọ̀rọ̀ apá mi lọ síwájú àlejò? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bo ìgbọ̀nwọ́ yìí. Oníbàárà wo ló máa rí ìpẹ́ lára télọ̀ tí á gbà kó wọn òun láyà? Bàbá rẹ pàápàá, kó tó kú, iná la máa ń pa. Ìwọ wá fi ẹnu kan tú u. Ó dáa náà. Ẹni tó bí ọmọ tó ń ka ihò èékánná ti bí ayẹ̀wé-owó-wò.

Mo lọ. Dókítà ọ̀hún kéré lọ́jọ́ orí sí bàtà mi, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan ìka mi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra tòmátì. Àrùn kan náà ni. Nọ́ọ̀sì ka oògùn kéékèèké sí mi lọ́wọ́, mẹ́rìnlélógún. Mẹ́fà ni kí n máa lò ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó wí i títí mo fi bi í bóyá etí mi náà wú ni. Mo gbọ́dọ̀ máa padà lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n sì fún mi ní òmíràn.

Mo fi tépù wọn ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi: íǹṣì mẹ́ta gééré. Ti òsì jẹ́ méjì àti àbọ̀. Mo gun òṣùwọ̀n oníṣòwò ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi: kílò mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ní òun ò tíì rí àpò tó ń sọ̀rọ̀ rí.

Má rò pé mò ń ṣeré. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni mo ní láyé. Tí kò bá lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́, mo ti di ẹni tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún.

Mo ti lẹ ìwé rẹ mọ́ ògiri lókè máṣíìnì. Bí mo ṣe máa ṣe é, iṣẹ́ mi ló kọ́ mi. Tí máṣíìnì bá ń já òwú, a kì í pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ a ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Oògùn tìrẹ ńkọ́? Mélòó ni wọ́n fún ọ?

Ìyá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ lórí ìwé yìí, ẹ foríjì mí nípa ọ̀rọ̀ apá yín. Mo ka ti oníṣòwò ìrẹsì fún obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun, ó rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi wọ̀ ọ́ nímú. Ti abẹ́rẹ́ àti òwú náà pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin àti òwe yín!

Wọn ò tíì fún èmi ní oògùn oríkèé. Dókítà tí mo rí ò láṣẹ láti kọ ọ́, ti dókítà oríkèé ni. Orúkọ mi wà ní ìlà, oṣù kẹfà ni wọ́n dá fún mi. Oògùn ìrora lásán ni mò ń gbé mì, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ní kí n máa kán sẹ́nu àti ìpara fún abẹ́ ọmú.

Ṣùgbọ́n mi ò káwọ́ gbera. Ogójì ọjọ́ ó dín ọ̀kan rèé tí búrẹ́dì ò kan ẹnu mi, èmi tí mò ń gé ẹgbẹ̀rún méjì lóòjọ́. Òórùn rẹ̀ a máa pè mí lórúkọ. Ẹnu mi sì ti mọ́, ó pọ́n rekete bíi ti ọmọ tuntun. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ni?

Ẹ kọ wàrà kún ìwé ara ògiri yẹn. Ẹ yọ èso tó bá dùn. Ṣé oògùn ilé ìwòsàn ń bá yín lára mu?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìwọ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ tí ìyẹ̀fun wọ̀ nímú. Ọ̀rọ̀ oṣù kẹfà yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ara kan náà ni wá, èmi tí mo ti gbó wà lórí oògùn, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wà ní ìlà. Ta ló pín in báyẹn?

Oògùn náà kò ṣe mí ní ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gba ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo sì fi í síbi tó yẹ ẹ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi wò. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi mọ́ bíi ti ẹni tí kò gbé oògùn mì rí. Mo ní mo dúpẹ́.

Wá gbọ́ ìròyìn. Ìka àárín ti di íǹṣì mẹ́ta ó dín ìdámẹ́rin. Ìpẹ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì ti ń fà sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá jí, àádọ́ta ìṣẹ́jú ló ń gbà kí n tó lè di sísọ́ọ̀sì mú, ó ti di ogójì. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo wọ̀n. Oníṣòwò ìrẹsì ní, “Ìyá Abẹ́rẹ́, àpò yín ti ń jò o.” Mo ní kó dákẹ́, pé ìyẹ̀fun ló ń dà jáde.

Ṣé o rí i? Ìwé rẹ ń ṣiṣẹ́. Abala kan péré, sítáǹbù kan péré.

Fi ìwọ̀n ara rẹ ránṣẹ́ sí mi: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Má bi mí léèrè.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ìròyìn yín dùn mọ́ mi débi pé mo fi han gbogbo ilé iṣẹ́. Kílò méje! Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé mi kà jù mí lọ.

Ìwọ̀n mi nìyí: èjìká íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyà mẹ́rìndínlógójì, ìbàdí ogójì, gígùn méjìlélógójì. Mi ò bi yín léèrè.

Èmi ò lè parọ́ fún yín. Ẹnu mi mọ́, abẹ́ ọmú mi gbẹ, ṣùgbọ́n ìka mi ò gbọ́. Mi ò lè di ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ti yọ mí kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì, torí díẹ̀ ló kù kí n gé ìka mọ́ ọn. Páálí ni mò ń tò báyìí. Mò ń rò ó pé bóyá ó níye ìgbà tí mo tọ́ ìyẹ̀fun wò láìmọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Tó bá gbà fún yín, ọjọ́ kan á gbà fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Má wo ìkọ̀wé mi. Ọwọ́ òsì ló ń ran ọ̀tún lọ́wọ́.

Mo ṣẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí, oníbàárà kan fún mi ní búrẹ́dì nígbà tó wá gba aṣọ. Ebi ti pa mí jù, mo jẹ ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo jẹ ẹ́, ìka àárín di íǹṣì mẹ́ta àti ìdajì, orúnkún náà sì bá a lọ. Ẹyọ kan péré! Mo ti fi ìyà rẹ̀ jẹ ara mi. Mo ti yọ ẹyin, mo yọ ìrẹsì, mo yọ òróró. Ẹ̀wà bíbọ̀ àti ewé tí mo se lómi ló kù. Ìgbà tí oòrùn bá dé àárín ọ̀run ni ìka tó ń gbọ́ràn. Kílò márùndínlọ́gọ́ta. Oníṣòwò ìrẹsì ò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ mọ́, ó ní kí n jókòó.

Mo fi gáùn kan ránṣẹ́ sí ọ, aláwọ̀ ewé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gùn jù. Kí o tó wọ̀ ọ́, fi bíléèdì tú ìṣẹ́tí rẹ̀, fúnra rẹ, nínú yàrá rẹ. Má gbé e fún télọ̀ kankan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rán ìṣẹ́tí yẹn nìkan, ohun tí mo máa ń fi ìdajì wákàtí ṣe.

Ìyá rẹ


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Abala méjì ni mo kọ lónìí. Sítáǹbù ò jẹ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ni mo rí dókítà oríkèé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìwúkàrà àti ṣúgà, ti tèmi àti tiyín. Ó tẹ́tí gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní, “Abọ́ ìyẹ̀fun kọ́ ni ara èèyàn o.” Ó ní ohun tí mo kán sẹ́nu ló ṣeé ṣe kó pa ìwúkàrà ẹnu mi, kì í ṣe búrẹ́dì tí mi ò jẹ. Ó ní tí èèyàn bá sanra, tó sì fọn díẹ̀, oríkèé rẹ̀ lè rí ìdẹ̀rùn, pé kí n dín ṣúgà kù, kí n jẹ ẹja àti ewébẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ kò pa àrùn. Ó ní àrùn yìí a máa wá, a máa lọ fúnra rẹ̀, torí náà ohunkóhun tí èèyàn bá jẹ lọ́jọ́ tó bá dé ló máa di ẹ̀bi rù. Ẹyọ búrẹ́dì yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, Màmá.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ rí. Òun náà ni dókítà àkọ́kọ́ sọ fún mi ní oṣù kìíní, tí mo ní kí n kọ sí yín tí ìwé tán: “Oúnjẹ lè ran oògùn lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀. Tí oògùn ò bá dá a dúró, eegun á bàjẹ́, kò sì ní padà mọ́.” Mo kọ bisikíìtì. Mo kọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi sílẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn lórí kiní yìí nìkan: ṣé ẹ ń lo mẹ́fà lọ́sẹ̀? Ẹ padà jẹun, ẹ jọ̀ọ́.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn fún mi. Gáùn yín dé, mo fi kọ́ ara ìṣó níwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tíì tú u, ìka mi ò lè di bíléèdì mú. Ó wúwo nísàlẹ̀. Ó dára.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Màmá mi,

Ẹ ò tíì fèsì, èmi ni mo tún ń kọ. Lánàá, obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun bá mi tú ìṣẹ́tí náà. Ẹ pín in sí àpò kéékèèké, mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ rán ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pa. Obìnrin náà rò pé bọ́tìnì ni. Ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń yìn yín fún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Èmi ti mọ̀ pé oògùn yín ni.

Mẹ́rìnlélógún lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo mọ iye ìgbà tí ẹ lọ síbẹ̀. Àpò mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́ dè mí. Nígbà tí mò ń fi kílò méje yangàn níbi iṣẹ́, ara yín lẹ ń gé fún mi.

Oògùn yẹn ò ṣeé lò báyẹn, Màmá. Ẹni tí wọ́n bá fà lẹ́jẹ̀ wò ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Mi ò lè gbé ọ̀kankan nínú rẹ̀ mì.

Ṣùgbọ́n mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Mẹ́rin péré ló wà nínú àpò tó gbẹ̀yìn. Méjì kù. Ẹ sọ fún mi pé ẹ lo méjì yẹn. Ẹ sọ fún mi pé ìrora mú yín lọ́jọ́ kan, tí ẹ gbàgbé mi, tí ẹ gbé e mì. Orí méjì yẹn ni mo jókòó lé láti àná.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Àbúrò mi olùkọ́ ló di bírò mú, ọ̀rọ̀ tèmi ló ń kọ. Mo ti ní kó má fi kún un, kó má yọ kúrò.

Èmi àti lẹ́tà rẹ méjèèjì jọ wà ní ilé ìwòsàn ni. Oníṣòwò ìrẹsì ló gbé mi débẹ̀. Orí òṣùwọ̀n rẹ̀ ni mo ti ṣubú: kílò méjìdínláàádọ́ta. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ń bọ́ mi, mo sì ń jẹun, má bẹ̀rù. Mo jẹ búrẹ́dì. Kò sí ohun tó ṣe mí.

Dókítà kékeré yẹn ya àwòrán ọwọ́ mi. Eegun ìka àárín àti ti ẹnìkejì rẹ̀ ti jẹra ní oríkèé, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Wọn ò ní ká mọ́, wọn ò ní nà mọ́. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn nítorí èyí tó kù. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà lọ́sẹ̀, àbúrò mi ló ń dúró tì mí títí mo fi máa gbé e mì, ó sì ní kí n la ẹnu bí ọmọ iléèwé. Mo ti fi aṣọ bo máṣíìnì. Gáùn rẹ ni iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn tó kúrò lórí rẹ̀. Wọ̀ ọ́.

Má sunkún lé mi lórí. Ìwọ kọ́ lo ní kí n pa oògùn mọ́. Mo rò ó pé ìwọ ò ní oògùn, èmi ní oúnjẹ tí mo lè fi sílẹ̀, pé ó ti dọ́gba. Mo mọ ìṣirò, àmọ́ mi ò ní gbogbo iye tó wà níbẹ̀. Bí o bá tún kọ̀wé sí mi, kọ abala méjì.

Ó ku ti oògùn méjì tí ò ń bèèrè. Ó yẹ kí n parọ́ fún ọ, àbúrò mi náà ní kí n parọ́. Mo kà á pé, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Níbi tí mo ti ń rán àpò tó gbẹ̀yìn, méjì bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n yí lọ sábẹ́ máṣíìnì. Mo rí wọn níbi tí wọ́n wà. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo na òsì. Ìka mi ò lè ṣà wọ́n nílẹ̀.

Ìyá rẹ